Ta Ló Rán An?

Orúkọ ìnagijẹ kan ni àbúrò mi obìnrin ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìdí méjì ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ní òpópónà wa, Màmá Rán-Wọn ni, nítorí pé aránṣọ ni, kò sì sí ọmọ ilé-ìwé kan ní àdúgbò tí aṣọ rẹ̀ kò gba abẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá Rán-Wọn náà ni, ṣùgbọ́n ti ibẹ̀ jẹ́ nítorí àdúrà. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, òun ni í máa dìde gbàdúrà fún àwọn ilẹ̀ tí wọn kò tíì gbọ́ orúkọ Jésù. Á di ojú, á na ọwọ́ méjèèjì, á máa dárúkọ orílẹ̀-èdè tí kò rí rí, á sì parí rẹ̀ bákan náà nígbà gbogbo: "Ìkórè pọ̀, òṣìṣẹ́ kò tó. Rán wọn, Olúwa! Rán wọn!" Gbogbo ilé á wá ṣe àmín tí páànù òrùlé á fi dáhùn.

Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ṣe àmín sí àdúrà yẹn. Kì í ṣe pé mi ò nígbàgbọ́ o. Ìgbàgbọ́ tí mo ní gan-an ni kò jẹ́ kí n ṣe é. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́, mo sì bímọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá ti fẹ́ dé ibẹ̀, èmi á ki orí bọ báàgì, á dà bí ẹni pé gíláàsì ojú mi ni mò ń wá, títí àmín á fi kọjá.

Ẹ gbọ́ irú obìnrin tí í ṣe. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kò tíì rìn dáadáa nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Àwọn èèyàn ní kó tún ọkọ fẹ́, ó ní òun gbọ́. Àwọn kan ní kó gbé ọmọ náà fún mi kó lè ríbi ṣiṣẹ́, ó tún ní òun gbọ́. Nígbà tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó palẹ̀ yàrá iwájú ilé rẹ̀ mọ́, ó gbé maṣíìnì sí ojú fèrèsé, ó gbé tábìlì gígùn kan sáàárín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ. Abẹ́ tábìlì yẹn ni ọmọ náà ti dàgbà. Àjákù aṣọ ni ibùsùn rẹ̀, róòlù òwú tó ti tán ni ohun ìṣeré rẹ̀. Bí ẹ bá wá wọn aṣọ nígbà yẹn, ẹ óò rí i tí ọwọ́ kékeré kan á yọ láti abẹ́ tábìlì, á mú tépù lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Èmi ni mò ń bá a gán bọ́tìnnì láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ń fojú rí i. Kò lè gbé aṣọ tí etí rẹ̀ kò gún fún oníbàárà, ìbáà ṣe pé oníbàárà náà kò lè rí i. Aṣọ ọmọdé, á ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú dáadáa, kí ìyá ọmọ lè máa tú u sílẹ̀ bí ọmọ bá ṣe ń ga. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń bí i nínú ni aṣọ tó ti rán tán tí ẹni tó ni ín kò wá gbé. Á bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, á máa ké pe olúwarẹ̀ lójú títì: "Ṣọ́ọ̀bù mi kì í ṣe ilé aṣọ o! Aṣọ tó bá ti tán, ara èèyàn ló yẹ kó wà!" Mo ti rí akọ̀wé bánkì tó sá gba ẹ̀yìn ilé nítorí ṣòkòtò kan.

Ọmọ abẹ́ tábìlì yìí wá dàgbà, ó di ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe. Gbogbo wa ń pè é ní Ẹnjiníà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkángun òpópónà, fíríìjì á tò lọ síta bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà. Òun nìkan náà ló gbọ́ èdè maṣíìnì ìyá rẹ̀. Maṣíìnì yẹn ti darúgbó, ó sì lágídí. Bó bá ti kọṣẹ́, a ó ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà. Á dé pẹ̀lú ìgò òróró kékeré, á tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, á kàn án lọ́hùn-ún, maṣíìnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wọlé láìjẹ́ pé a pè é. Àbúrò mi tẹ̀ mọ́ aṣọ ilé-ìwé, maṣíìnì ń pariwo.

"Mọ́mì, wọ́n fẹ́ rán mi."

Kò gbójú sókè. "Rán kí ni?"

"Èmi."

"Rán ìwọ? Ibo lo ti ya?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àpótí kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n fẹ́ rán mi lọ sókè òkun fún iṣẹ́ Olúwa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà sí i. Mo fẹ́ lọ."

Maṣíìnì dákẹ́. Ọmọ náà wá ṣàlàyé. Ilé ìwòsàn kan wà lórí òkè ní ilẹ̀ kan tó jìnnà, àwọn Kristẹni ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní dókítà, wọ́n ní nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n fíríìjì tí wọ́n ń kó oògùn abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́ sí ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àfonífojì pọ̀ láàárín àwọn òkè náà, àwọn èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ kò gbọ́ ìhìn rere rí. Bó bá tún fíríìjì ṣe tán, á máa bá wọn jókòó, á máa kọ́ èdè wọn, á sì máa sọ ti Jésù fún wọn.

"Ṣé ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ látòkè ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi fíríìjì ṣe? Kí wọ́n gbé oògùn wọn sójú fèrèsé!"

"Bó bá tutù jù, ó máa bàjẹ́. Bó bá gbóná, ó máa bàjẹ́. Ẹni tó máa mú un dúró sáàárín ni wọn ò ní."

"Ọdún mélòó ni wọ́n ní kó o lò?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Wọn ò dá ọdún fún mi. Ó lè jẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé mi, Mọ́mì. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín."

Àbúrò mi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó fi etí aṣọ nù ún, ó sì tún gbé e sójú. "Ọlọ́run kò rán ẹ," ló wí. "Èmi náà ń bá A sọ̀rọ̀, mo mọ ohun tí mo sọ fún Un. Mo ní kó rán wọn. Wọn! Ṣé ìwọ ni wọn ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ṣọ́ọ̀ṣì wa fún yín, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ so kọ́. Nígbà kan rí, ìjọ rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ sílẹ̀ òkèèrè láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹbí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò bá ìjọ sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ìjọ ti ṣòfin kan: bí a bá fẹ́ rán ẹnikẹ́ni, á dúró níwájú, Pásítọ̀ á bèèrè pé, "Ta ló rán an?", ẹni tó bí i á sì dìde dáhùn fúnra rẹ̀ pé, "Èmi ni mo rán an." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pásítọ̀ ń bèèrè. Bí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, ọ̀rọ̀ parí, olúwarẹ̀ á padà jókòó. Ẹnjiníà kò ní bàbá mọ́. Ẹnu ìyá rẹ̀ nìkan ló kù tó lè mú un lọ, òun náà ló sì lè dá a dúró.

Àbúrò mi kò lọ sí àdúrà Ọjọ́rú mọ́. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ tó ń fi tẹ maṣíìnì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́! Ọmọ náà kò bẹ̀ ẹ́, kò bá a jà. Ó ń wá bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń fi òróró sí maṣíìnì, ó ń kí wa, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ó ti ń fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ han ẹni tó máa gbà á, oníbàárà tó ń tò síbẹ̀ sì ti ń bi í pé ta ló máa kù fún àwọn. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Èmi kò lè pa ẹnu mi mọ́. Mo sọ fún àbúrò mi lọ́jọ́ kan pé, "Ṣebí ìwọ lo ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ọlá tó ju kí Ọlọ́run rán èèyàn níṣẹ́ lọ? Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Bó bá jẹ́ ọlá lóòótọ́, kí ló dé tó jẹ́ ọmọ ẹlòmíì lo fẹ́ kó gbà á?"

Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mẹ́rin lẹ bí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ ti ìlẹ̀kẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí òótọ́ ni. Mo gbé báàgì mi, mo sì gba ilé lọ láìgán bọ́tìnnì tó kù.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà kò ti ẹnu mi wá, kò sì ti ẹnu Pásítọ̀ wá. Ọ̀dọ̀ Kíákíá ló ti wá. Kíákíá ni télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé aṣọ fún un láàárọ̀, ẹ óò wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, ọ̀kan nínú apá rẹ̀ á sì gùn ju èkejì lọ. Ẹnjiníà ra aṣọ tó nípọn fún kóòtù òtútù. Ojú ń tì í láti gbé e fún ìyá rẹ̀. Ó rò pé bí ẹni fi ọ̀bẹ gún ìyá òun ni, bí òun bá ní kó rán aṣọ tí òun máa wọ̀ fi í sílẹ̀ lọ. Ló bá sọdá títì, ó gbé e fún Kíákíá.

Nígbà tó lọ gba kóòtù tí Kíákíá ti rán tán tó ń bọ̀, ó yà kí wa, ó fi kóòtù náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àbúrò mi rí i. Ó dìde, ó mú un sọ́wọ́, ó yí i síta, ó yí i sínú, ó fi àtàǹpàkò tọ kọ́là rẹ̀ láti ìkángun kan dé ìkejì. Mo ti mọ ojú yẹn láti kékeré. Mo gbé ife tíì mi kúrò lórí tábìlì.

"Ta ló rán èyí?"

"Mọ́mì..."

"Mo ní ta ló rán an?"

"Kíákíá ni, Mọ́mì. Mi ò fẹ́ da ọkàn yín láàmú ni."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́!" Ohùn rẹ̀ dé òdìkejì títì, mo rí Kíákíá tó rọra pa fèrèsé rẹ̀ dé. "Èmi wà láyé, kọ́là wá wọ́ lọ́rùn ọmọ mi! Báyìí lo ṣe fẹ́ dé iwájú àwọn èèyàn tí kò gbọ́ ti Ọlọ́run rí? Ṣé kí wọ́n lè sọ pé Ọlọ́run tó rán eléyìí, kò ní aránṣọ lọ́dọ̀ ni?"

Kó tó parí ọ̀rọ̀, ó ti mú bíléèdì, ó ti ń tú u. Ó tú apá, ó tú kọ́là, ó tú aṣọ inú, kóòtù Kíákíá di àjákù lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló mú tépù, ó pàṣẹ pé kí ọmọ náà dúró gbọọrọ.

Kò tíì wọn ọmọ náà láti ìgbà tó ti kúrò nílé-ìwé. Ó wọn èjìká, ó wọn àyà. Ó dé ibi apá, ó dúró, ó tún un wọ̀n.

"Ínṣì mélòó ni kí n ṣẹ́ sínú lọ́wọ́ fún un?" ló bi mí. Bó ṣe máa ń bi mí nípa aṣọ ọmọdé nìyẹn.

"Ṣẹ́ kí ni?" ni mo wí. "Àbí ó tún fẹ́ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ọmọ náà ti dàgbà tán."

Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀, ó di apá ọmọ rẹ̀ mú, tépù rọ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Mọ́mì, mi ò fẹ́ kí ẹ fi omijé rán an."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ sunkún?" ló wí, omijé sì ti dé àgbọ̀n rẹ̀.

Ó rán kóòtù náà bí mi ò ṣe rí i kó rán aṣọ kankan rí. Ó fi aṣọ inú méjì sí i. Ó ṣe àpò kan sínú, níbi àyà, tí Bíbélì kékeré lè gbà. Kò jẹ́ kí n gán bọ́tìnnì rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gán gbogbo rẹ̀, ó sì fi ehín já òwú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó lọ̀ ọ́, ó fi kọ́ sára hángà, ó jókòó, ó ń wò ó. Ojú àánú ni mo fi ń wò ó, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí iṣẹ́ náà, mi ò ní parọ́. Kóòtù náà dára ju èyí tí wọ́n ń gbé sínú gíláàsì ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá lọ.

Ọmọ náà dé láti wá wò ó. Ó ní òun á jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú tí òun máa dúró níwájú ìjọ.

"Rárá," ni ìyá rẹ̀ wí. "Gbé e kúrò níbí. Ṣọ́ọ̀bù mi kì í ṣe ilé aṣọ. Ohun tí mo bá ti rán tán, kì í gbé ọ̀dọ̀ mi."

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, ó wo ojú mi. Kò mọ̀ bóyá kóòtù ló ń sọ àbí òun. Èmi náà kò mọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ẹnjiníà dúró níwájú nínú kóòtù tó nípọn, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀ bí omi, torí ìyá rẹ̀ ló ní kó wọ̀ ọ́ kí gbogbo èèyàn lè rí i. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó bèèrè pé, "Ta ló rán an?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àbúrò mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di báàgì rẹ̀ mú pinpin.

"Ta ló rán an?" Pásítọ̀ tún bèèrè, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. Mo rí ọmọ náà tó di ojú. Bí ìyá rẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀, á bọ́ kóòtù náà, á padà jókòó sáàárín wa, kò sì ní bá a wí láéláé. Irú ọmọ tó jẹ́ nìyẹn. Mo rò ó nínú ara mi pé bóyá ìyẹn gan-an ló máa pa ìyá rẹ̀.

Ó dìde. Ó rìn lọ síwájú tààrà, ó kọjá lára Pásítọ̀, ó tún kọ́là ọmọ rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ kọ́là náà kò ṣe nǹkan kan. Ó rí òwú funfun kan léjìká rẹ̀, ó mú un kúrò, ó ká a mọ́ ìka. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìjọ.

"Èmi ni mo rán an."

Bàbá tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí agogo náà ti jẹ etí rẹ̀ tán, pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Aṣọ ni, àbí ọmọ?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Àbúrò mi dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀.

"Méjèèjì," ló wí. "Èmi ni mo rán méjèèjì. Mo rán wọn tán ni mo fi rán wọn." Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Gbọ́ mi. Bí wọ́n bá rán ẹ níṣẹ́ ẹrú, fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ́là ẹ ò sì gbọdọ̀ wọ́."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Mo ti rí ìyá tí wọ́n ń fi oyè dá lọ́lá, mo ti rí èyí tí ọmọ rẹ̀ kọ́lé fún. Mi ò tíì rí èyí tó ga bí àbúrò mi ṣe ga láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ èjìká mi ni orí rẹ̀ mọ. Mo fi ọwọ́ gún obìnrin tó jókòó níwájú mi, mo ní, "Àbúrò mi nìyẹn o. Ìyá kan náà ló bí wa." Ó ní òun mọ̀. Mo tún un sọ fún un.

Ọmọ náà ti lọ báyìí. Maṣíìnì ṣì ń ṣe agídí, èmi ni mo di ẹni tó ń fi òróró sí i; ó máa ń gbọ́ tèmi nígbà mìíràn. Ẹnjiníà pè wá lórí fóònù pé fíríìjì ń ṣiṣẹ́, àti pé àwọn ìyá arúgbó àfonífojì máa ń fọwọ́ pa kóòtù òun, wọ́n á bi òun pé ta ló rán an. Ó ní ibi tí òun ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn nìyẹn. Àbúrò mi gbọ́ ọ, ó ní kó fi ìwọ̀n àwọn ìyá náà ránṣẹ́.

Ó sì ti padà sí àdúrà Ọjọ́rú. Ó dìde, ó di ojú, ó na ọwọ́. "Ìkórè pọ̀, òṣìṣẹ́ kò tó. Rán wọn, Olúwa! Bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé yìí!"

Páànù òrùlé kò dáhùn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì: gbogbo àwọn ìyá tó bímọ ló ti ki orí bọ báàgì, tí wọ́n ń wá gíláàsì ojú wọn. Àbígbẹ̀yìn mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láti ọjọ́ mélòó kan ló ti ń pe Ẹnjiníà lórí fóònù, tó ń béèrè ohun tí kò fẹ́ kí n gbọ́ nípa ilé ìwòsàn orí òkè yẹn. Àbúrò mi ṣì na ọwọ́, ó ń dúró.

Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú. Mo ní, "Àmín."